Ọgbà Tí Kò Béèrè Ilẹ̀

(Èyí ni ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn akọ̀ròyìn wa bá àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé Jisonayili, ní ìlú Tamale ní àríwá Gánà, sọ. A tẹ̀ ẹ́ jáde nítorí àwọn òǹkàwé wa tí wọn kò sí ní ìjókòó náà.)

   

N kò wá bá yín sọ̀rọ̀ ìbò lónìí. Ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ ni mo bá wá. Mo rí i pé àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń wí pé kí ni ó kan akọ̀ròyìn kan ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa sọ pé bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó bá ń sọ̀rọ̀ ńlá ńlá, tí kò sì mọ ohun tí ó wà nínú ìkòkò àwọn ènìyàn rẹ̀, òfìfo ni ọ̀rọ̀ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọjà. Ewé tí àwa ń pè ní ewédú ni wọ́n ń pè ní ayoyo ní ọjà Tamale. Àwa fi ń jẹ àmàlà, àwọn onílẹ̀ wa fi ń jẹ tuo zaafi. Tẹ̀tẹ̀ wa ni alefu wọn. Ìṣápá wa ni bra wọn. Ẹni tí ó bá ti Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ìgbẹ́tì wá sí ìlú yìí, bí kò tilẹ̀ gbọ́ èdè kankan níhìn-ín, yóò mọ ọbẹ̀ tí ń bẹ nínú àwo. Nígbà òjò, ewé wọ̀nyí pọ̀ bí erùpẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọyẹ́ bá dé ńkọ́? Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ni ẹ ń lọ sí ọjà. Ẹ̀yin ni ẹ mọ̀ bí ìdì ewé ti ń kéré sí i, tí owó rẹ̀ sì ń ga sí i.

Òjò Tamale kò dà bí òjò Ìbàdàn. Ní ilé wa, òjò ń rọ̀, ó ń dá díẹ̀, ó sì tún ń padà wá. Níhìn-ín, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ìgbà òjò nínú ọdún. Ó ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹrin tàbí oṣù karùn-ún, ó sì ń parí ní oṣù kẹwàá. Láti ìgbà náà títí di ìgbà tí òjò tuntun yóò fi rọ̀, ilẹ̀ a gbẹ, a sì sán. Ẹni tí yóò gbin ewé ní àkókò náà gbọ́dọ̀ wá omi. Níbo ni omi wà? Ó wà létí àwọn adágún bíi ti Gumbihini, ó sì wà nínú gọ́tà. Ní Zagyuri, omi ìdọ̀tí tí ń ti bárékè Kamina jáde ni àwọn àgbẹ̀ fi ń bomi rin ọgbà wọn.

N kò sọ èyí láti bú àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyẹn. Iṣẹ́ agbára ni wọ́n ń ṣe, àwọn ni wọ́n sì ń bọ́ wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí wọ́n bá rí omi tí ó mọ́, wọn kì bá tí lo ti gọ́tà. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ni òtítọ́ ń jẹ́. Àwọn onímọ̀ láti International Water Management Institute yẹ ewébẹ̀ wò ní ọjà Accra, Kumasi àti Tamale, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2006. Wọ́n rí kòkòrò àrùn inú ìgbẹ́ lára létúùsì àti kábéèjì, wọ́n sì tún rí ìyókù oògùn apakòkòrò. Ewé tí a bá sè dáadáa, iná yóò pa kòkòrò àrùn rẹ̀. Létúùsì tí a ń jẹ ní tútù ni ewu rẹ̀ pọ̀ jù. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ bá ń rà á, ẹ fi omi mímọ́ fọ̀ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kí ẹ sì rẹ ẹ́ sínú omi tí ẹ fi fínígà sí kí ó tó dé ẹnu ọmọ.

Ohun kejì ni ti ilẹ̀. Ẹ wò Jisonayili yìí. Ibi tí ó jẹ́ oko lánàá ti di ilé lónìí. Púpọ̀ nínú wa ni ayálégbé. Ìwé òfin ilẹ̀ Gánà ti ọdún 1992, ní abala 266, sọ pé ẹni tí kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè yìí kò lè ní ilẹ̀ ní àníkún. Ó lè yá a, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ju àádọ́ta ọdún lọ. Òfin wọn ni, a kò sì wá bá wọn jà sí i. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó yá yàrá kan àti gbàgede kékeré, níbo ni yóò ti gbin ewédú?

Àwọn àgbà tí ó wà níhìn-ín kò lè gbàgbé ọdún 1969. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún náà ni ìjọba Dókítà Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú gba ìwé náà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó kó ẹrù rẹ̀. Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n ti ń ṣòwò ní àríwá yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún fi ilé àti ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Ní ọdún 1983, ìjọba Nàìjíríà náà lé àwọn ọmọ Gánà ní tirẹ̀, orúkọ tí àwọn ènìyàn sì fún àpò tí wọ́n fi kó ẹrù kò tíì kúrò lẹ́nu wa títí di òní. N kò mẹ́nu kàn án láti tún egbò àtijọ́ tú. Ohun tí mo fẹ́ fà yọ ni pé ẹni tí ó ń gbé lórí ilẹ̀ onílẹ̀ níláti ní ohun kan tí ó jẹ́ ti ọwọ́ rẹ̀, tí ó lè gbé láti gbàgede kan sí òmíràn. Ọgbà lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọgbà náà ni mo wá ṣàlàyé.

Wọ́n ń pè é ní hydroponics. Láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì ni wọ́n ti fa orúkọ náà yọ: ọ̀kan ni omi, èkejì ni iṣẹ́. Èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ títúmọ̀ èdè wá orúkọ fún un títí, mo sì fi í sí ọgbà omi. Bí ẹnìkan nínú yín bá ní orúkọ tí ó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó fi tọrẹ. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò le: ewéko kì í jẹ iyẹ̀pẹ̀. Omi àti èròjà tí ó yọ́ sínú omi ni gbòǹgbò ń mu. Iyẹ̀pẹ̀ wulẹ̀ jẹ́ àwo tí oúnjẹ wà nínú rẹ̀, àti àga tí ewéko fi ń jókòó. Bí a bá gbé oúnjẹ kan náà fún un nínú àwo mìíràn, tí a sì wá àga mìíràn fún un, yóò jẹ, yóò sì dàgbà.

Kì í ṣe idán. Àwọn onímọ̀ Jámánì, Julius von Sachs àti Wilhelm Knop, ti gbin ewéko sínú omi lásán ní àwọn ọdún 1860, kí wọ́n lè mọ ohun tí ewéko ń jẹ. Ní Amẹ́ríkà, W. F. Gericke ti Yunifásítì California ni ó gbé e kúrò nínú ilé àyẹ̀wò ní ọdún 1929, tí ó fi ń gbin tòmátì. Òun ni ó sì fi orúkọ hydroponics lọ aráyé ní ọdún 1937. Nígbà ogun àgbáyé kejì, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà fi í gbin ewébẹ̀ ní erékùṣù Ascension, níbi tí ó jẹ́ pé àpáta ni ó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n èyí tí ó kàn wá jù ni ti Íńdíà. Ní ọdún 1946, J. Sholto Douglas bẹ̀rẹ̀ sí wá ọ̀nà ní agbègbè Kalimpong ní Bengal tí tálákà fi lè ṣe é láìsí ẹ̀rọ: òkúta wẹ́wẹ́ àti iyanrìn nínú àpótí, ajílẹ̀ díẹ̀, àti omi tí a fi ọwọ́ bù sí i. Ní ọdún 1993, àjọ FAO tẹ ìwé ìtọ́nisọ́nà jáde fún àwọn ìdílé aláìní ní Látìn Amẹ́ríkà lórí irú ọgbà kan náà. Ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ní ilé wa, Soilless Farm Lab ti Samson Ogbole ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ọ̀gbìn aláìlo iyẹ̀pẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún yín pé iṣẹ́ òyìnbó ni, tàbí pé owó ńlá ni a fi ń ṣe é. Àwọn kan wà tí wọ́n ń ta àpótí aláràbarà pẹ̀lú ẹ̀rọ àti iná mọ̀nàmọ́ná. Ẹ yẹra fún wọn ná. Ọ̀nà méjì ni mo fẹ́ fi hàn yín, kò sì sí èyí tí ó fẹ́ iná nínú wọn.

Ọ̀nà kìíní ni ti gálọ́ọ̀nù. Gbogbo wa ni a mọ gálọ́ọ̀nù òróró aláwọ̀ ìyeyè tí àwọn ará ìlú yìí ń pè ní gálọ́ọ̀nù Kufuor, tí a fi ń tò fún omi. Ẹ mú ọ̀kan tí ó gba lítà 25. Ẹ fọ òróró inú rẹ̀ kúrò pátápátá. Ẹ dì í lẹ́nu, kí ẹ tẹ́ ẹ dùbúlẹ̀, kí ẹ sì lu ihò mẹ́rin sí ẹ̀gbẹ́ tí ó kọjú sókè, tí ihò kọ̀ọ̀kan yóò gba ife róbà kékeré kan ní ṣinṣin. Ẹ lu ihò wẹ́wẹ́ sí ìdí àti ara ife náà kí gbòǹgbò lè rí ọ̀nà jáde. Ẹ bu omi oúnjẹ tó lítà 20 sínú gálọ́ọ̀nù, kí omi náà kàn ìdí ife lásán. Ẹ wá fi òkúta wẹ́wẹ́ tí ẹ ti fọ̀ gbé ọ̀dọ́ létúùsì dúró nínú ife.

Ẹ fi gálọ́ọ̀nù náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí létúùsì ti ń mu omi, omi ń lọ sílẹ̀. Bí omi ti ń lọ sílẹ̀, gbòǹgbò ń tẹ̀lé e, apá òkè gbòǹgbò sì ń mí afẹ́fẹ́ tí ó wà láàárín omi àti ihò. Bernard Kratky ti Yunifásítì Hawaii ni ó kọ́ ayé ní ọ̀nà yìí. Ohun tí àwọn ènìyàn ń ṣì ṣe ni pé, bí wọ́n bá rí i pé omi ti fà, àánú a ṣe wọ́n, wọn a tún bu omi kún un dé ẹnu. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o. Gbòǹgbò tí ó ti mọ afẹ́fẹ́ lára yóò rì, ewéko yóò sì kú. Létúùsì kan ń mu nǹkan bíi lítà 4 kí ó tó tó ká. Nítorí náà ni lítà 20 ṣe tó fún mẹ́rin, tí díẹ̀ sì ṣẹ́ kù. Láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí mẹ́fà, ẹ ó ká a.

Ọ̀nà kejì ni ti àpótí, èyí sì ni ó yẹ ewédú, tẹ̀tẹ̀ àti ìṣápá tí a ń gbìn pọ̀ mọ́ra. Ẹ bẹ káfíńtà kí ó fi pákó àlòkù kan àpótí tí ó gùn ní mítà kan, tí ó fẹ̀ ní ìlàjì mítà, tí ó sì jìn tó sẹ̀ǹtímítà 20. Ẹ tẹ́ ọ̀rá dúdú tí kò lu sínú rẹ̀. Ẹ fi ọ̀pá róbà kékeré sí igun kan nísàlẹ̀ kí omi tí ó bá pọ̀ jù lè ṣàn jáde sínú abọ́. Kí àpótí náà dàgẹ̀rẹ̀ díẹ̀ sí apá ibẹ̀.

Kí ni a ó kó sínú rẹ̀? Ìlú ìrẹsì ni ìlú yìí. Níbi ẹ̀rọ tí ń bó ìrẹsì, èèpo rẹ̀ a máa ga bí òkìtì. Ẹ bu èyí, kí ẹ sun ún díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dúdú bí èédú, ṣùgbọ́n kí ẹ má jẹ́ kí ó di eérú. Ẹ bomi pa iná rẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì pò ó mọ́ iyanrìn odò tàbí òkúta wẹ́wẹ́ tí ẹ ti fọ̀. Èèpo ń di omi mú. Òkúta ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé. Ohun tí gbòǹgbò ń fẹ́ kò ju méjì yìí lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbin ewédú rí mọ̀ pé irúgbìn rẹ̀ lè sùn bí ọ̀lẹ. Ẹ dì í sínú aṣọ, ẹ tẹ̀ ẹ́ bọ omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, kí ẹ sì yára tẹ̀ ẹ́ bọ omi tútù. Yóò jí. Ẹ gbìn ín sí ẹsẹ ẹsẹ, kí ẹ má fún un pọ̀ jù. Bí ó bá dàgbà, ẹ má fà á tu. Ẹ gé e, kí ẹ fi kùkùté rẹ̀ sílẹ̀, yóò sì tún rú.

Nísinsìnyí a dé ibi tí ọ̀rọ̀ gbé le: oúnjẹ inú omi. Èròjà 14 ni gbòǹgbò ewéko ń wá, yàtọ̀ sí ohun tí ewéko ń rí gbà láti inú afẹ́fẹ́ àti omi. Ajílẹ̀ 15-15-15 tí a ń fọ́n sí oko àgbàdo, mẹ́ta péré ni orúkọ rẹ̀ ṣèlérí. Kò ní calcium tó, kò ní magnesium tó, kò sì ní irin. Ajílẹ̀ Urea pàápàá, kòkòrò inú ilẹ̀ ni ó ń sọ ọ́ di ohun tí gbòǹgbò lè fi ayọ̀ jẹ. Nínú omi tí kò ní iyẹ̀pẹ̀, kòkòrò wọ̀nyẹn kò tó. Nítorí náà, ẹ wá ohun mẹ́ta lọ́dọ̀ àwọn tí ń ta ajílẹ̀ fún àwọn olóko tòmátì: ajílẹ̀ tí ń yọ́ nínú omi, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 4-18-38 tí ó sì ní àwọn èròjà kéékèèké nínú, èkejì, calcium nitrate, ẹ̀kẹta, iyọ̀ Epsom. Fún omi lítà 20, gírámù 12 ti ìkíní, gírámù 6 ti iyọ̀ Epsom, àti gírámù 12 ti calcium nitrate. Ẹ kọ́kọ́ yọ́ ìkíní sínú omi púpọ̀, lẹ́yìn náà iyọ̀ Epsom, kí ẹ sì yọ́ calcium nitrate sínú omi mìíràn lọ́tọ̀ kí ẹ tó dà á pọ̀ mọ́ wọn ní ìkẹyìn. Bí ẹ bá po ó mọ́ àwọn ìyókù nínú omi díẹ̀, yóò dì bí ẹfun sí ìdí abọ́, oúnjẹ yóò sì ṣòfò.

Fún gálọ́ọ̀nù, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹ ó bu omi oúnjẹ sí i. Fún àpótí tí mo sọ, lítà kan sí lítà kan ààbọ̀ láràárọ̀ ti tó. Bí oòrùn bá mú, ẹ wọ́n omi lásán sí i ní ọ̀sán. Ní ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀, omi lásán nìkan ni kí ẹ fún un, kí iyọ̀ tí ó ti kó jọ lè ṣàn jáde. Omi tí ó bá ṣàn sínú abọ́, ẹ padà bù ú sí àpótí lọ́jọ́ kejì. Kò sí ìkán kan tí ó yẹ kí ó ṣòfò ní ìlú tí a ti ń ra omi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi, kí ó lè jẹ́ ẹ̀kọ́ fún yín. Nígbà tí èmi kọ́kọ́ ṣe é, ìwé ìlò ajílẹ̀ náà wà níwájú mi. Gírámù ni ìwé sọ. Ṣíbí ni mo kà á sí. Èmi tí mo ń fi ìtumọ̀ èdè jẹun bu ṣíbí méjìlá sínú omi. Ní ọjọ́ kejì, etí ewé ti jó bí ẹni pé a fi iná rà á. Ní ọjọ́ kẹta, kò sí ohun tí ó kù láti sin. Nítorí náà, ẹ wá òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń lò, kí ẹ wọn ọ̀n lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fi àmì sí ìdérí ìgò kan, kí ìdérí náà sì di òṣùwọ̀n yín. Gbogbo ilé mẹ́wàá lè lo òṣùwọ̀n kan.

Ẹ̀ẹ̀kejì, mo fi gálọ́ọ̀nù sílẹ̀ ní ìhòòhò nínú oòrùn. Ìmọ́lẹ̀ wọ inú rẹ̀, omi di aláwọ̀ ewé, ó ń yọ̀, ohun tútù yẹn sì jẹ oúnjẹ tí ó yẹ kí létúùsì jẹ. Ẹ wé gálọ́ọ̀nù ní aṣọ dúdú, kí ẹ sì fi aṣọ funfun bò ó lórí nítorí ooru. Ní oṣù kẹta àti ìkẹrin, nígbà tí ooru Tamale ń sún mọ́ ogójì, omi tí ó gbóná kì í gba afẹ́fẹ́ dúró, gbòǹgbò a sì rà. Ẹ gbé e sábẹ́ dóńgóyárò tàbí ibi tí oòrùn ọ̀sán kò ti ní bá a ní tààrà, tàbí kí ẹ ri ìdajì rẹ̀ mọ́ ilẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ó burú jù, ìyàwó mi ni ó sì rí i. Ó tú ife kan sókè, ó sì pè mí. Tanwíjí ń jó nínú omi. Ọgbà tí mo ṣe nítorí ìlera àwọn ọmọ ti fẹ́ di ilé ẹ̀fọn. Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ọ̀rọ̀ mi lónìí, ẹ má ṣe gbàgbé èyí: kí ihò kankan má ṣí sílẹ̀ nínú ọgbà omi. Ẹ gé àwọ̀n ẹ̀fọn tí ó ti gbó, kí ẹ fi dí àyíká gbogbo ife. Abọ́ tí ẹ fi ń gba omi lábẹ́ àpótí, ẹ dà á lójoojúmọ́. Ẹni tí kò bá lè ṣe èyí, kí ó má ṣe dá ọgbà omi rárá; ibà kì í ṣe owó tí a ń fi ra ewédú.

Bákan náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé kí ẹ rẹ ìgbẹ́ adìẹ tàbí ti màlúù sínú omi náà dípò ajílẹ̀. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí ni ìyàtọ̀ láàárín ọgbà wa àti gọ́tà?

Mo mọ ohun tí àwọn àgbẹ̀ gidi ń sọ nínú ọkàn wọn. Wọ́n ní, ṣé gálọ́ọ̀nù ni yóò bọ́ ìlú? Rárá o. Kò lè fún wa ní iṣu, kò lè fún wa ní àgbàdo tàbí ọkà bàbà. Ilẹ̀ ni yóò máa ṣe èyí títí ayé. Ajílẹ̀ náà jẹ́ ohun tí a ń fi owó rà, bí owó Gánà bá sì lọ sílẹ̀, owó ajílẹ̀ yóò gòkè. Nítorí náà, ẹ má ṣe ta ẹran yín láti fi ra gálọ́ọ̀nù. Ẹ fi ọ̀kan bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ ohun tí ẹ ná sílẹ̀, ẹ kọ iye ewé tí ẹ ká sílẹ̀, kí ẹ sì fi wé owó ọjà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ìṣirò bá gbè yín, ẹ fi èkejì kún un. Ewé ni ọgbà omi mọ̀ ọ́n ṣe. Ewé sì ni ó ń wọ́n wa nígbà ọyẹ́.

Ẹ̀yin ìyá wa ni mo ń bá wí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní àwọn ọgbà etí adágún, ọkùnrin ni ó ń gbìn ní ọ̀pọ̀ jùlọ, obìnrin ni ó ń tà. Obìnrin kì í ní ilẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àpótí tí ó wà lẹ́yìn ilé ìdáná, ta ni yóò sọ pé kì í ṣe ti ìyá tí ń bomi sí i?

Mo fẹ́ parí pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìjọba, nítorí a kò lè sá fún un. Ní ọdún 1972, ìjọba Acheampong níhìn-ín gbé ètò kan dìde tí ó ní kí gbogbo ènìyàn bọ́ ara rẹ̀, kí a gbin oúnjẹ sí ẹ̀yìnkùlé. Ní Nàìjíríà, ní ọdún 1976, ìjọba Ọbásanjọ́ gbé tirẹ̀ dìde láti bọ́ orílẹ̀-èdè. Ní ọdún 1980, ìjọba Shagari tún mú òmíràn wá. Ìlù dún, pátákó ìkéde dúró ní oríta. Lẹ́yìn èyí, ìlù dákẹ́. Ohun tí a rí kọ́ ni pé ètò tí ó bá ti òkè wá nìkan, òkè náà ni yóò padà sí. Ọwọ́ ara ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ apá kejì ọ̀rọ̀ náà, nítorí mo mọ̀ pé àwọn kan yóò fẹ́ fi apá kìíní bojú. A kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ọgbà omi di àwáwí fún ìjọba kankan. Omi tí a ó bù sí gálọ́ọ̀nù, láti inú ẹ̀rọ ìlú ni ó yẹ kí ó ti wá. Odò Volta Funfun kò jìnnà sí wa. Láti inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń fa omi lọ sí ilé iṣẹ́ omi Dalun, tí wọ́n ń fọ̀ ọ́ fún Tamale. Bí ìlú ti ń gbòòrò, bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí omi náà gbòòrò. Kí a sọ fún ará ìlú pé kí ó bọ́ ara rẹ̀, kí a má sì fún un ní omi, ẹ̀sín ni. Àwọn àgbẹ̀ Gumbihini àti Zagyuri pẹ̀lú, ẹ̀tọ́ wọn ni kí ìjọba wá omi mímọ́ fún iṣẹ́ wọn, kí ó má ṣe lé wọn kúrò lórí ilẹ̀. Púpọ̀ nínú wa kò ní ìbò ní ìlú yìí, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa tí wọ́n jẹ́ ọmọ Gánà ní. Kí wọ́n fi béèrè omi.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín kò pọ̀. Kí òjò tó dá ní ọdún yìí, kí ilé márùn-ún márùn-ún parapọ̀, kí wọ́n kan àpótí kan. Kí ẹni tí ó ní irúgbìn fún ẹni tí kò ní. Kí a pe àwọn aládùúgbò wa ọmọ Dagbon sí i, nítorí bí a ti mọ ewédú náà ni wọ́n mọ̀ ọ́n, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n kọ́ wa ní ohun tí a kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ọ̀nà tí ọmọdé ilé ìwé lè kọ́ ní ìrọ̀lẹ́ kan ni, ṣùgbọ́n ó fẹ́ ojú tí ń wò ó lójoojúmọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbìn ín kí ó sì lọ sí ìrìn àjò ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ó lọ ra ewé ní ọjà.

Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Nígbà tí ọyẹ́ bá tún dé Jisonayili, tí ètè bá sán, tí ìdì ewé bá kéré ní ọjà, kí a bá ewédú tútù nínú ilé ayálégbé kan, lẹ́yìn ilé ìdáná, nínú àpótí tí ó jẹ́ tirẹ̀.